Ìjìnnà Ẹsẹ̀ Iwájú Ọkọ̀ sí Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn

Bí ènìyàn bá dúró ní ibùdókọ̀ Kétu, tàbí ti Pọ́bẹ̀, tàbí ti Ṣábẹ̀ẹ́, ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, yóò rí i pé ohun tí àwọn awakọ̀ àti àwọn èrò ń ṣe àríyànjiyàn lé lórí jùlọ ni iye ènìyàn tí ọkọ̀ yóò gbà àti iye àpò tí a ó dì sí i lẹ́yìn. A ń ka orí, a ń ka àpò; bí ilẹ̀kùn bá ti lè pa dé, a gbà pé ọkọ̀ gbà á nìyẹn. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ibi tí ẹrù náà jókòó sí láàárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí ẹrù jókòó sí lè sọ ọkọ̀ tí kò rù ju agbára rẹ̀ lọ di ọkọ̀ tí kò ṣeé darí mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ là yé ara wa. A ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n kan tí ojú ń rí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tí púpọ̀ nínú wa kò tíì fún ní orúkọ.

Ìwọ̀n náà ni ìjìnnà tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Kì í ṣe gígùn ọkọ̀ láti imú dé ìdí, bẹ́ẹ̀ ni a kì í wọ̀n ọ́n láti etí táyà kan dé etí táyà kejì. Àárín gbùngbùn ẹsẹ̀ iwájú, níbi tí irin tí ẹsẹ̀ ń yí lé lórí wà, ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì parí rẹ̀ sí àárín gbùngbùn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀ kò nílò ju okùn kan, òkúta kékeré kan àti ẹfun díẹ̀ lọ. Kí ó gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú kọjú síwájú gan-an. Kí ó so òkúta mọ́ ìdí okùn, kí ó di orí okùn mú ní àárín ẹsẹ̀ iwájú, kí ó sì fi ẹfun sàmì sí ibi tí òkúta bá ti kan ilẹ̀. Kí ó ṣe bákan náà ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ó wà ní apá kan náà. Ìlà tí ó lọ láti àmì kan dé èkejì ni ìwọ̀n tí à ń wí.

Ní èdè Faransé, empattement ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi èdè wa pè é lè kọ́kọ́ ronú kan "ìgbésẹ̀ ọkọ̀". Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò bá a mu, nítorí pé ìgbésẹ̀ a máa gùn, a sì máa kúrú: ìgbésẹ̀ ẹni tí ń sáré kò dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tí ń yan. Ìwọ̀n tí à ń sọ yìí kì í gùn, kì í kúrú, yálà ọkọ̀ dúró tàbí ó ń lọ. Ilé-iṣẹ́ tí ó rọ ọkọ̀ ni ó ti fi í lélẹ̀. Àwọn awakọ̀ wa sì ti ń sọ "ẹsẹ̀ iwájú" àti "ẹsẹ̀ ẹ̀yìn" láti ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, ìjìnnà ẹsẹ̀ ni a ó máa pè é níhìn-ín. Kí a má ṣe ṣì í mú fún ìbú ẹsẹ̀, èyí tí í ṣe àlàfo láàárín ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì.

Ohun kan tilẹ̀ wà tí ó lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lára ọkọ̀ Renault 4, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1961, ìjìnnà ẹsẹ̀ apá kan gùn ju ti apá kejì lọ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5. Kì í ṣe àṣìṣe. Ọ̀pá irin tí ń lọ́, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì, ni ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Ọ̀pá méjèèjì dùbúlẹ̀ ní ìbú ọkọ̀, ọ̀kan níwájú, èkejì lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ kan ní láti ṣíwájú ẹnìkejì rẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó bá fi okùn àti ẹfun wọn Renault 4, tí apá méjèèjì kò sì bára dọ́gba, kí ó má ṣe rò pé òun kò mọ ìwọ̀n wọ̀n.

Kí ni ìjìnnà yìí wá ń ṣe? Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ̀ sílẹ̀ ná, kí a wo ọkùnrin méjì tí wọ́n fi ọ̀pá ru ẹrù, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ká sọ pé ọ̀pá tí ó wà láàárín èjìká àwọn méjèèjì jẹ́ mítà 3, tí ẹrù náà sì jẹ́ kílò 60. Bí a bá so ẹrù náà kọ́ sí àárín ọ̀pá, olúkúlùkù wọn yóò ru kílò 30. Bí a bá sún un sẹ́yìn, tí ó wá ku mítà 1 péré kí ó dé ọ̀dọ̀ ẹni ẹ̀yìn, ẹni ẹ̀yìn yóò ru kílò 40, ẹni iwájú yóò ru 20. Ẹrù kò pọ̀ sí i, kò dín. Ìpín àwọn tí ń rù ú ni ó yí padà. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. A ó wọn ibi tí ẹrù jìnnà dé sí ẹni iwájú, a ó fi sọ ìwúwo ẹrù di púpọ̀, a ó sì fi gígùn ọ̀pá pín in. Èyí tí ó bá jáde ni ìpín ẹni ẹ̀yìn. Ìyókù ni ti ẹni iwájú.

Nísinsìnyí, ká ní ọ̀pá náà yọ gọngọ kọjá èjìká ẹni ẹ̀yìn, tí ẹnì kan sì so kílò 60 náà kọ́ sí ìtà, ní mítà 1 sẹ́yìn ẹni ẹ̀yìn. Bí a bá tún ìṣirò náà ṣe, a ó rí i pé kílò 80 ni ó bọ́ sí èjìká ẹni ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ kílò 60 ni a gbé kọ́! Níbo ni kílò 20 ìyókù ti wá? Láti ọ̀dọ̀ ẹni iwájú ni. Ọ̀pá kò tẹ èjìká rẹ̀ mọ́, ńṣe ni ó ń gbéra sókè, tí òun sì ní láti fi agbára kílò 20 fà á wálẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá ti ti kẹ̀kẹ́ ẹrù ẹlẹ́sẹ̀ méjì rí ní ọjà mọ èyí láìka ìwé. Bí ẹrù bá pọ̀ sí ìdí kẹ̀kẹ́, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ a gbéra nílẹ̀, a sì fẹ́ gbé ẹni tí ó dì í mú pẹ̀lú.

Ẹni ẹ̀yìn ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹni iwájú ni ẹsẹ̀ iwájú, ọ̀pá tí ó wà láàárín wọn ni ìjìnnà ẹsẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni iwájú lè fi ọwọ́ fa ọ̀pá wálẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ kò lè fa nǹkan kan wálẹ̀. Ìwúwo tí ó wà lórí rẹ̀ nìkan ni ó fi ń di ilẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ iwájú yìí kan náà ni ó sì ń gbọ́ ti awakọ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì, òun náà ni ó sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìjánu.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkọ̀ méjì. Ìjìnnà ẹsẹ̀ ti èkíní jẹ́ mítà 2.40, ti èkejì jẹ́ mítà 2.90. A di àpò àgbàdo kílò 200 sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ní sẹ̀ǹtímítà 60 sẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Lára èkíní, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò gba kílò 250, iwájú yóò sì pàdánù kílò 50 nínú ìwúwo tí ó fi ń tẹ ilẹ̀. Lára èkejì, ẹ̀yìn yóò gba kílò 241, iwájú yóò pàdánù 41. Àpò kan náà ni, ibi kan náà ni a sì dì í sí. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà síra fara dà á díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n òun náà pàdánù. Awakọ̀ tí ó bá ti wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ àmì rẹ̀: ìdarí a fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà tí kò yẹ, ọkọ̀ a máa gbé imú sókè, iná rẹ̀ a sì máa tàn sí orí igi dípò ojú ọ̀nà. Àwọn kan a tilẹ̀ máa yìn ín pé ọkọ̀ náà "rọrùn láti yí". Rírọrùn yẹn gan-an ni ewu.

Nínú gbogbo ọkọ̀ tí ó ti gbé èrò kọjá ní ojú ọ̀nà wa, kò sí èyí tí a lè fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí tó Peugeot. Nígbà tí Peugeot 404 jáde ní ọdún 1960, ìjìnnà ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 2.65. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe fún ẹrù àti fún ìdílé ńlá, tí wọ́n ń pè ní familiale, jẹ́ mítà 2.84. Peugeot 504 tẹ̀ lé e ní ọdún 1968. Ti onílé kékeré jẹ́ mítà 2.74, ti familiale sì jẹ́ mítà 2.90. Sẹ̀ǹtímítà 16 ni ìyàtọ̀ náà, kò tó ìbú ọwọ́ méjì. Ènìyàn lè rò pé kò jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọ̀pá àti ọkùnrin méjì. Familiale ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, àwọn tí ó jókòó sí ìlà kẹta sì wà níbi tí ẹrù máa ń wà lára ọkọ̀ kékeré. Bí wọn kò bá ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sẹ́yìn, gbogbo ìwúwo àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn yóò yọ kọjá èjìká ẹni ẹ̀yìn. Títì tí wọ́n tì í sẹ́yìn ni ó mú kí ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá súnmọ́ orí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dípò kí ó máa fì ní ìdí ọkọ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n fi odindi ọ̀pá irin kan so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún àti òsì pọ̀, wọ́n sì fi sípíríǹgì mẹ́rin gbé e ró, méjì ní apá kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ti ọkọ̀ kékeré jẹ́ ọ̀kan ní apá kọ̀ọ̀kan.

A máa ń gbọ́ kí àwọn àgbà awakọ̀ sọ pé irin 504 ni ó le, òun ni ó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Irin rẹ̀ le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní èrò tiwa, ibi tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ṣe ju líle irin lọ. Ibẹ̀ náà sì ni a ti ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Nígbà tí a bá fún ènìyàn mẹ́rin mọ́ ìlà tí a ṣe fún ènìyàn díẹ̀, tí a tún di àpò sí ẹ̀yìn wọn, tí a tún gbé agbọ̀n adìẹ àti kẹ̀kẹ́ sórí òrùlé, a ti ná sẹ̀ǹtímítà 16 náà tán, a sì ti jẹ gbèsè kún un.

Ẹrù orí òrùlé mú wa dé ọ̀rọ̀ ìjánu. Bí awakọ̀ bá tẹ ìjánu, ìwúwo ọkọ̀ a sún síwájú: ẹsẹ̀ iwájú a rù sí i, ẹ̀yìn a fúyẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe súnmọ́ra tó ni èyí ṣe ń pọ̀ tó. Bí ẹrù bá sì ṣe ga tó nílẹ̀ ni ó tún ń pọ̀ sí i. Ọkọ̀ tí ó wúwo tó kílò 1,500, tí àárín ìwúwo rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí a sì fi agbára tí ó tó ìdajì ìwúwo rẹ̀ dá dúró, yóò sún kílò 150 láti ẹ̀yìn sí iwájú bí ìjìnnà ẹsẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ mítà 3. Bí ó bá jẹ́ mítà 2, kílò 225 ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tí ó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ a yára yọ̀, pàápàá lórí ilẹ̀ tí òjò ti rọ̀ sí. Alùpùpù, tí ìjìnnà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà 1 àti díẹ̀ lọ, ni ó ń jìyà èyí jùlọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé gálọ́ọ̀nù epo ni a so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, àìsàn méjì ni ó bá a papọ̀: ẹsẹ̀ iwájú kò tẹ ilẹ̀ dáradára nígbà tí ó ń lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn a sì gbéra nígbà tí ó bá fẹ́ dúró lójijì.

Ní ti ìtura, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú bá gun gegele tí ẹ̀yìn ṣì wà nísàlẹ̀, ọkọ̀ a dagun. Gegele kan náà yóò mú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ súnmọ́ra dagun ju èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà síra lọ, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ kúkúrú fi ń mi orí bí ẹṣin lórí ilẹ̀ pupa.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé bí ẹsẹ̀ bá ti jìnnà síra tó ni ọkọ̀ ṣe dára tó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tí ó ṣe Land Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1948 kì bá tí mú un kúrú. Íǹṣì 80 ni ìjìnnà ẹsẹ̀ ti àkọ́kọ́, ìyẹn mítà 2.03. Ilé-iṣẹ́ náà tilẹ̀ sọ ìwọ̀n yìí di orúkọ: ní ọdún 1956, oríṣi méjì ni wọ́n ń tà, 88 àti 109, ìyẹn mítà 2.24 àti mítà 2.77, 110 tẹ̀ lé wọn ní ọdún 1983, 90 sì dé ní ọdún 1984. (Èyí tí a pè ní 90 yìí, bí a bá wọ̀n ọ́n, ó fẹ́ẹ̀ tó íǹṣì 93. Orúkọ kì í sábà bá ìwọ̀n dọ́gba ní ọjà.) Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe kúkúrú ni pé ikùn ọkọ̀ gígùn a máa kan ilẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkìtì, ẹsẹ̀ iwájú ti kọjá, ẹ̀yìn kò tíì dé, ikùn ni ó ń kọjá lórí òkìtì nígbà náà. Bí gíga ikùn ọkọ̀ méjì bá dọ́gba, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà síra ni yóò gúnlẹ̀ sórí òkìtì bí ọkọ̀ ojú omi lórí iyanrìn. Nínú oko àti lórí òkúta, kúkúrú ni ó ń là á já.

Ìyókù ọ̀rọ̀ wa dá lórí yíyà ní oríta, níhìn-ín ni a sì fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa fara balẹ̀ jùlọ, nítorí pé ẹni tí kò ní ọkọ̀ ni ó kàn ju ẹni tí ó ní in lọ.

Bí òjò bá ti rọ̀, ẹ wo ojú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí ọmọ kan gùn yípo lórí iyanrìn. Ìlà méjì ni ẹ ó rí. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò tẹ ibi tí ẹsẹ̀ iwájú tẹ̀. Ó gé e kúrú sínú. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọkọ̀ tí ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú yà ṣe ń ṣe. Bí a bá yí ẹsẹ̀ iwájú dé ìwọ̀n digírì 30, ọkọ̀ yóò máa yí ká òbìrí kan. Láti àárín òbìrí náà dé ibi tí ẹsẹ̀ iwájú ń tẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìjìnnà ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ìjìnnà ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 2.40 yóò fi mítà 4.80 yí; ti mítà 2.90 yóò fi mítà 5.80, ọkọ̀ akẹ́rù tí ó jẹ́ mítà 6 yóò fi mítà 12. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní tirẹ̀ yóò gba inú: lára ọkọ̀ mítà 2.40, ó fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 64 gé inú. Lára ọkọ̀ akẹ́rù mítà 6, ó gé inú ní mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 60. Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù lè gba ibi tí ó fẹ́ẹ̀ gùn tó ènìyàn kan sí ibi tí ẹsẹ̀ iwájú gbà kọjá.

Ẹ wo ìyá tí ó gbé àwo ẹ̀wà dúró ní igun oríta. Ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀, ó fẹ́ yà sí ọ̀tún. Orí ọkọ̀ kọjá ní ibi tí ó jìnnà sí i, ó sì rò pé ọkọ̀ ti kọjá nìyẹn. Kò kúrò níbẹ̀, ó tilẹ̀ lè sún síwájú díẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó ń bọ̀ wá bá a. Awakọ̀ kò rí i, nítorí pé ní ilẹ̀ wa òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí, ọ̀tún sì ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ń gé inú. Àwọn tí ń gun alùpùpù wà nínú ewu mìíràn. Awakọ̀ ọkọ̀ gígùn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a kọ́kọ́ ya sí òsì díẹ̀ kí ó tó yà sí ọ̀tún, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn má bàa gun etí ọ̀nà. Àyè a ṣí sílẹ̀ ní ọ̀tún rẹ̀. Ẹni tí ó wà lórí alùpùpù a rí àyè náà, a rò pé a fi sílẹ̀ fún òun ni, a sì wọ inú rẹ̀. Àyè yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń bọ̀ wá gbà. Ti ọkọ̀ tí ó ń fa tírélà tún le ju èyí lọ, nítorí pé ẹsẹ̀ tírélà a tún gé inú kọjá ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ń fà á gbà.

Nítorí náà, bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìrìn ojú pópó, a kò gbọdọ̀ dúró lórí "wo ọ̀tún, wo òsì" nìkan. Ó yẹ kí a mú wọn lọ sí pápá, kí a da omi sí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, kí a gùn ún yípo, kí a sì jẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí ìlà méjì náà. Ẹni tí ó bá ti rí i kò ní dúró sí inú igun mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn tí ń fi iná jó irin mọ́ irin, tí wọ́n ń sọ ọkọ̀ akẹ́rù di gígùn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Àwọn kan a gé ṣáásí, èyí tí í ṣe eegun ẹ̀yìn ọkọ̀, wọn a fi irin kún àárín rẹ̀, wọn a sì ti ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ìjìnnà ẹsẹ̀ ti pọ̀ nìyẹn, ohun tí ó sì tẹ̀ lé e pọ̀ pẹ̀lú: ọ̀pá tí ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní láti gùn sí i, bí a kò bá sì wá ohun tí yóò gbé e ró láàárín, yóò máa jà bí ẹgba nígbà tí ó bá ń sáré yí. Awakọ̀ tí ó ti mọ ibi tí ó ń yà sí ní oríta yóò rí i pé ọkọ̀ òun kò lè yà níbẹ̀ mọ́. Àwọn kejì kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rárá. Wọn a kàn fa ibi ìkẹ́rù gùn sẹ́yìn ní ìdí ọkọ̀. Owó rẹ̀ kéré, a sì tètè ń parí rẹ̀. Ní tiwa, èyí ni ó burú jù, nítorí pé kò fi ẹyọ sẹ̀ǹtímítà kan kún ìjìnnà ẹsẹ̀. Àyè tí ó fi kún ọkọ̀, ẹ̀yìn èjìká ẹni ẹ̀yìn ni gbogbo rẹ̀ wà.

Òfin pàápàá ti mọ èyí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, ẹgbẹ́ UEMOA, tí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú rẹ̀, ṣe òfin kẹrìnlá ti ọdún náà lórí ìwọ̀n àti ìwúwo ọkọ̀ akẹ́rù. Òfin náà kò fi ààlà sí àpapọ̀ ìwúwo nìkan; ó fi ààlà sí ohun tí ọ̀pá ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè gbé lé ojú ọ̀nà. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀dà ojú ọ̀nà kò mọ àpapọ̀, ẹsẹ̀ tí ó tẹ̀ ẹ́ nìkan ni ó mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ tí ìjìnnà ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 5, tí ó ru tọ́ọ̀nù 10. Bí àárín ẹrù bá wà ní mítà 4 sí ẹsẹ̀ iwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gba tọ́ọ̀nù 8 nínú rẹ̀, iwájú gba 2. Bí a bá sún àárín ẹrù náà sẹ́yìn ní ìdajì mítà péré, ẹ̀yìn yóò gba 9, iwájú 1. Ẹni tí ó ní ẹrù yóò búra pé òun kò fi àpò kan kún un, òótọ́ ni yóò sì sọ. Síbẹ̀ ọ̀pá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè ti kọjá ààlà. Bí a bá dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró ní ibi ìwọnkọ̀, ìgbà mìíràn wà tí kò sí ìdí láti já ẹrù kankan sílẹ̀. Kí a kó àpò mélòó kan láti ìdí ọkọ̀ lọ sí ẹ̀yìn orí ọkọ̀, kí a tún un wọ̀n.